Ẹ dín sípíkà kù, a ò gbọ́ igbe ẹni tí omi ń gbé lọ

Lẹ́tà ṣíṣí sí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni bíìṣì onígéètì létí òkun Èkó

Ẹ̀yin Chief, ẹ̀yin Alhaji, ẹ̀yin Madam,

Mo kí yín o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ẹ ò mọ̀ mí, àmọ́ ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti jẹ ẹja mi rí. Èmi ni obìnrin tó máa ń jókòó sábẹ́ agbòjò búlúù tó ti ṣá yẹn, nítòsí ibi tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́, mo máa ń yan ẹja, mo sì ń ta àgbọn, ní Sátidé, Sọ́ńdè àti gbogbo ọjọ́ ọlidé. Mi ò ní dárúkọ bíìṣì tí mo wà, mi ò wá láti ba ọjà ẹnì kankan jẹ́, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kan gbogbo yín ni, láti Victoria Island títí dé Eleko, àtàwọn tó wà lódìkejì lápá Ilashe títí lọ sí Àgbádárìgì. Ọmọbìnrin mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, èmi ń sọ, òun ń tẹ̀, tọ́rọ̀ bá wá ń gùn ẹ bá mi fara dà á, ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi.

Ọmọ etí òkun ni mí. Ìlàjẹ ni bàbá mi, láti Ayétòrò ló ti wa ọkọ̀ wá sápá Lẹ́kí kí wọ́n tó bí mi, apẹja ni, màmá mi ń yan ẹja. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ohùn tá à ń gbọ́ lálẹ́ ju ti òkun lọ. Bàbá mi á jókòó síta lẹ́yìn oúnjẹ, kò ní bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, á kàn máa gbọ́, tó bá yá á ní òkun máa le lọ́la, kẹ́nikẹ́ni má gbé ọkọ̀ jáde o. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bí ìgbì bá ń dún lemọ́lemọ́, kò kà á sí, atẹ́gùn ìtòsí ló ń fẹ́ ẹ. Àmọ́ bó bá dún gbì, tó wá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, tó tún dún gbì, ìyẹn ló máa ń bà á lẹ́rù, ó ní ìgbì ọ̀nà jíjìn nìyẹn, ìjì tó ń jà níbi tójú wa ò tó ló tì í wá. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó gbọ́ táwọn tó kàwé ń ṣàlàyé pé òótọ́ ni, pé ìjì tó ń jà lọ́hùn-ún ní gúúsù Àtìláńtíìkì ló ń rán àwọn ìgbì ńlá yẹn sí wa, àtìgbà tí oṣù kẹrin bá ti wọlé títí di nǹkan bí oṣù kẹsàn-án. Bàbá mi ò kàwé. Ó kàn ń gbọ́ ọ ni.

Ní báyìí mi ò gbọ́ òkun mọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni wọ́n á ti tan jẹnẹrétọ̀, sípíkà tó ga ju èèyàn lọ á wà lápá ọ̀tún, òmíràn á wà lápá òsì, ẹni tó rẹ́ńtì kánópì àárín náà á gbé tiẹ̀ wá, DJ mẹ́ta lórí iyanrìn tí ò ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ, oníkálukú á máa gbé e sókè kí tiẹ̀ lè borí ti èkejì. Ilẹ̀ máa ń gbọ̀n lábẹ́ ìdí mi. Àgbọn tí mo bá tò jọ á máa mì.

Kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ má bàa ṣì mí gbọ́, mi ò ní kẹ́ ẹ ti bíìṣì o. Lára ẹ̀ ni mo ti ń jẹ. Owó ilé ìwé ọmọ mi méjèèjì, orí iyanrìn yẹn ló ti ń jáde, Dìsẹ́ńbà kan ṣoṣo lè gbọ́ bùkátà oṣù mẹ́ta. Ìjọba Èkó ní owó tó wọlé nípa hòtẹ́ẹ̀lì àti fàájì ní Dìsẹ́ńbà 2024 nìkan lé ní mílíọ̀nù 71 dọ́là, mo gbà wọ́n gbọ́, torí mo fojú mi rí èrò tó dé. Àwọn ọmọ wa láti London, láti Houston, láti Atlanta, wọ́n dé, wọ́n náwó, wọ́n bá mi ṣeré, ọ̀kan tiẹ̀ kúnlẹ̀ kí mi lórí iyanrìn, inú mi dùn. Kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe máa padà sílé láàyè ni mò ń sọ.

Mo mọ ìdí téèyàn fi ń fún pọ̀ sọ́dọ̀ wa. Iyanrìn ọ̀fẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán l'Ékòó. Bar Beach táwọn òbí wa ń lọ láìsan kọ́bọ̀, táwọn aláṣọ funfun ń lọ gbàdúrà sí, Eko Atlantic ló wà lórí ẹ̀ báyìí. Kuramo, òkun ya wọ ibẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdún 2012, ó pa èèyàn, ìjọba wá palẹ̀ àwọn ahéré pákó ibẹ̀ mọ́. Alpha Beach, òkun ti jẹ ẹ́. Ní Tarkwa Bay, oṣù kíní ọdún 2020 làwọn sójà ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò nílé. Landmark, wọ́n wó o ní 2024 nítorí títì etí òkun tí wọ́n ní á gba 700 kìlómítà dé Calabar. Èrò tó ń lọ sí gbogbo ibẹ̀ yẹn ò jókòó sílé, ọ̀dọ̀ tiwa ni wọ́n yà sí. Títì yẹn gan-an á sì tún kó òmíràn wá, torí apá àkọ́kọ́ ẹ̀, bíi kìlómítà 47, Victoria Island sí Eleko ni, ẹ̀gbẹ́ wa ló gbà kọjá. Ẹ wo bó ṣe rí: èèyàn ń pọ̀, iyanrìn ń kéré, oníṣòwò tó fẹ́ kí wọ́n wá sí tòun dípò ti ẹnìkejì á gbé sípíkà sókè. Mi ò rò pé ẹnì kan nínú yín jókòó pinnu pé òun fẹ́ kí ariwo borí òkun. Ó kàn ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, títí ó fi di bó ṣe dà yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ Sọ́ńdè kan fún yín.

Oṣù kẹjọ ni, ọdún tó kọjá. Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà, oòrùn yọ dáadáa, èrò kún. Wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí fún ọmọbìnrin kan lábẹ́ kánópì funfun, gbogbo wọn wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan náà. Aago mẹ́rin ti kọjá díẹ̀ nígbà táwọn ọmọkùnrin méjì kan wá ra àgbọn lọ́wọ́ mi. Èyí tó ga jù nínú wọn wọ ṣòkòtò péńpé pupa, ó pè mí ní mummy, ó ní kí n bá òun la tòun sí méjì torí òun fẹ́ jẹ inú ẹ̀. Ó fún mi lówó, ṣéńjì ẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, mi ò ní i lọ́wọ́, ó ní kò burú mummy, tí mo bá jáde nínú omi mo máa wá gbà á.

Ibi tí wọ́n gbà wọ omi, mo rí i, àyà mi já. Ibẹ̀ ló dákẹ́ jù. Ìgbì ń fọ́ lápá ọ̀tún, ó ń fọ́ lápá òsì, àárín wọn wá tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n fọwọ́ pa á, ó dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ òkun, ibẹ̀ gan-an ló máa yàn fún ọmọ ẹ̀. Àwa tá a dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé ọ̀nà tí omi ń gbà padà sílé nìyẹn. Gbogbo omi tí ìgbì bá tì wá sórí iyanrìn gbọ́dọ̀ ríbi gbà padà, á wá la ojú ọ̀nà tóóró kan, á máa sáré níbẹ̀ bí odò. Kì í fa èèyàn sísàlẹ̀ o, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò, ìta ló ń fà á lọ, sínú agbami. Ẹni tó bá ń bá a jà, tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ tààrà sétí iyanrìn, àárẹ̀ ló máa pa á, kò sí bó ṣe lè mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Ẹni tó bá jẹ́ kó gbé òun, tó léfòó, tó wá fi ẹ̀gbẹ́ wẹ̀ jáde síbi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì náà ló máa bá a tì í wálé. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan péré lèyí tí mo sọ yìí. Ta ló sọ ọ́ fún wọn ní géètì? Owó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n so bébà mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́, wọ́n ní ẹ máa wọlé.

Ìgbà tí mo tún gbójú sókè, orí ni mo rí. Orí ọmọ náà ń wọ omi, ó ń jáde, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, kò pariwo. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ èyí: ẹni tó ń rì kì í kígbe. Kò sí èémí tó máa fi kígbe, èyí tó bá rí, mímí ló máa fi mí. Kì í juwọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù, ńṣe ló ń fọwọ́ méjèèjì tẹ omi mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gun àkàbà. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tómi ò tíì gbé jìnnà ló ń kígbe.

Mo dìde, mo figbe ta, ẹ gbà wọ́n o, ẹ gbà wọ́n o! Ẹni tó ń ta súyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ò gbọ́. Bí mo bá na ọwọ́ mo lè kàn án o, kò gbọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ń fa èèyàn jáde nínú omi yẹn, ó wà lẹ́yìn kánópì níbi tí wọ́n ní kó bá wọn kó àga, òun náà ò gbọ́. Mo sáré lọ bá DJ, mo ń na ọwọ́ sí òkun, mo ń fò sókè, ó rò pé mò ń jó ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó gbé máìkì, ó ní kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mummy. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Orin yẹn parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Mo rí i pé kò ní yé e, mo yí padà, mo sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀, mo sì fa wáyà yọ.

Mi ò lè gbàgbé bó ṣe dákẹ́. Bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ni. A gbọ́ òkun. A sì gbọ́ ọmọ kejì yẹn tó ń pe orúkọ ọ̀rẹ́ ẹ̀, gbogbo wa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀ṣọ́ kan ti di apá mi mú, ó ń bi mí pé ṣé mo mọ iye tí wọ́n rẹ́ńtì sáùǹdì yẹn ni, kó tó parí ọ̀rọ̀ òun náà gbọ́, ó tú mi sílẹ̀. Àbúrò mi ti ń sáré bọ̀, okùn lọ́wọ́ kan, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé pa lọ́wọ́ kejì, torí kẹ́ẹ̀gì òróró ni wọ́n ń gbá mú léfòó, ẹnì kankan ò rà nǹkan mìíràn fún wọn.

Wọ́n mú èyí tó ń kígbe jáde láàyè. Ẹni tó wọ ṣòkòtò pupa, wọn ò rí i.

Láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ kígbe dìgbà tí mo fa wáyà, ó tó orin méjì. Mo ti rò ó, mo tún un rò, òun ló ń jí mi lóru. Àbúrò mi yára nínú omi, mo mọ ohun tó lè ṣe pẹ̀lú àsìkò orin méjì.

Ọjọ́ kejì la tó rí ọmọ náà. Bàbá mi, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, máa ń sọ pé ohun tí òkun bá gbà lọ́wọ́ ẹ níbí, apá ìlà oòrùn ni kó o lọ dúró dè é sí. Àbúrò mi ò dúró síbi tó ti rì, ó rin iyanrìn lọ sápá ìlà oòrùn láfẹ̀mọ́jú, ibẹ̀ ló ti rí i. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo etíkun wa rí, ìlà oòrùn lomi ń kó nǹkan lọ, ó ń kó iyanrìn náà lọ. Nígbà táwọn òyìnbó to òkúta sẹ́nu èbúté Èkó ní nǹkan bí ọdún 1908 sí 1912 kí ọkọ̀ ńlá lè ríbi wọlé, òkúta yẹn dá iyanrìn dúró sápá ìwọ̀ oòrùn, òkun wá ń gbẹ́ Victoria Island, ó ń gbẹ́ ẹ lọ́dọọdún títí omi Bar Beach fi ń ya sórí títì. Tarkwa Bay ló jèrè níbẹ̀, òkúta yẹn gba ìgbì lójú ẹ̀, ìdí nìyẹn táwọn ọmọ kéékèèké fi lè ṣeré nínú omi ẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù púpọ̀. Tiwa kì í ṣe Tarkwa Bay. Tiwa kọjú sí agbami gbalasa, kò sí nǹkan kan láàárín wa àti ibi tí ìgbì ti ń bọ̀. Nínú fọ́tò tẹ́ ẹ ń gbé sí Instagram, omi náà dà bíi ti inú agbada, ọmọ tó ti Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ wá tó jẹ́ pé odò àti swimming pool ló mọ̀, kí lẹ fẹ́ kó rò?

Wọ́n tan sípíkà padà kílẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà. Mi ò bínú sí DJ, ọmọ iṣẹ́ ni, wọ́n ti sanwó fún un, nígbà tó wá yé e ṣe ló jókòó sórí iyanrìn tó ń sunkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ibẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, ẹ ní ẹ ti gbé pátákó síbẹ̀, ẹni tó bá wọ omi fi ọrùn ara ẹ̀ wọ̀ ọ́ ni. Mo rí pátákó náà. Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń ta bíà ló wà, òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, iyọ̀ òkun ti jẹ ìdajì ẹ̀. Chief, tí mo bá gba owó lọ́wọ́ èèyàn pé kó wá jókòó nílé mi, tí kànga wà láàárín àgbàlá tí mi ò dé e, ṣé pátákó ló máa gbà mí lọ́wọ́ ìyá ẹ̀? Òkun ni ẹ̀ ń tà. Bí kò bá sí òkun níbẹ̀, ta ló máa sanwó géètì kó wá jókòó sínú iyanrìn? Ẹ ò lè gbowó òkun kẹ́ ẹ wá ní òkun ò kàn yín.

Àwọn àgbà ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ohun tó sì ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn lójoojúmọ́. Òkun ń hó, a ò gbọ́ pé ó ń hó. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi lágbàáyé ní 2021, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni tirẹ̀ le jù téèyàn bá wò ó sí iye èèyàn. Àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, UN, tiẹ̀ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un, July 25. Ọmọ mi ló kà á fún mi. Mo ní ṣé wọ́n ka ọmọ ṣòkòtò pupa mọ́ ọn, kò dá mi lóhùn.

Àwọn bọ́ìsì tó ń yọ èèyàn ńkọ́? Ọmọ apẹja ni gbogbo wọn. Wọ́n mọ ibi tí omi ti ń fà lónìí, wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ náà ló máa wà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí iyanrìn abẹ́ omi ń yí padà. Àmọ́ ẹ ò sanwó fún wọn. Ẹni tí wọ́n bá yọ jáde ló máa fún wọn ní nǹkan tó bá wù ú, àwọn mìíràn ò tiẹ̀ ní dúpẹ́, ojú á tì wọ́n, wọ́n á kó ẹrù wọn, wọ́n á lọ. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n nílò wọn létí omi, ẹ̀yìn kánópì ni wọ́n wà, wọ́n ń kó àga kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Mo rí fídíò kan láti Bahia ní Brazil, ibi táwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ti ń bọ Yemọja títí dòní, lóṣù kejì, ọjọ́ kejì, èrò rẹpẹtẹ ló máa ń kún etí òkun Rio Vermelho, òdòdó àti lọ́fíńdà lọ́wọ́ wọn. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń gbé ẹbọ náà lọ sínú agbami? Àwọn apẹja ni. Ẹni tó mọ omi ni wọ́n fún ní omi. Ní Ọsirélíà, láti 1907 ni wọ́n ti ń kó ara wọn jọ láti máa ṣọ́ èèyàn nínú òkun, àsíá pupa àti yẹ́lò méjì ni wọ́n ń rì mọ́lẹ̀, àárín méjèèjì ni kó o ti wẹ̀, ó parí. Aṣọ àsíá méjì, mélòó ni? Kò tó owó tẹ́ ẹ fi ń ra kéréètì bíà fún àlejò kan.

Nǹkan mìíràn náà wà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: báìkì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń wà láàárín ọmọdé, ẹṣin tí ariwo ń dà lórí rú tó wá ń ta èèyàn nípàá, bọ́ọ̀tì tó ń sáré wọ ibi táwọn èèyàn ti ń wẹ̀, ọtí tí wọ́n ń gbé bá ẹni tó ti wà nínú omi dé orúnkún. Ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ lè dá wọn dúró lọ́la tó bá wù yín.

Àmọ́ kí n sọ̀rọ̀ àlàáfíà díẹ̀, torí àwọn kan rò pé fàájì ni ọ̀rọ̀ àlàáfíà, pé tí ariwo bá pọ̀ kéèyàn lọ síbòmíràn. Àwa tá à ń gbé lẹ́yìn fẹ́ǹsì yín ò ríbi lọ. Ìyá kan wà ní abúlé wa tí wọ́n máa ń gbé wá sínú yàrá mi lálẹ́ Sátidé nítorí ilé tiẹ̀ sún mọ́ sípíkà jù, àyà ẹ̀ máa ń lù. Àwọn aláṣọ funfun tó ń wá gbàdúrà ní ìdájí ti dín kù, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ ohùn ara àwọn mọ́, igo fífọ́ sì ń gé wọn lẹ́sẹ̀ torí wọn kì í wọ bàtà. Ìjàpá òkun tó máa ń gòkè wá yé ẹyin lóru nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mi ò tíì rí ọ̀kan fún bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Èmi ò ní parọ́, a máa ń jẹ wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Àmọ́ mo tún rántí àwọn ọmọ wọn nígbà tí ẹyin bá pa, bí wọ́n ṣe máa ń rọ́ tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ ojú òkun lọ sínú omi. Lásìkò yìí iná yín ló mọ́lẹ̀ jù, ibẹ̀ ni wọ́n á máa wọ́ lọ. LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àyíká, máa ń ti hòtẹ́ẹ̀lì àti ṣọ́ọ̀ṣì pa nítorí ariwo, mo mọ̀ pé mo lè kọ̀wé sí wọn. Mi ò fẹ́ kó débẹ̀. Tí wọ́n bá tì yín, wọ́n ti èmi náà.

Ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín nìyí, kò le. Sípíkà kan péré, kó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún nídìí igi, kó kọ ẹ̀yìn sí òkun. Kó má gbé dé ibi tí ẹni méjì tó dúró létí omi ò ní lè gbọ́ ara wọn. Àwọn bọ́ìsì yẹn, ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ máa san owó ojúmọ́ fún wọn, kí iṣẹ́ wọn má jẹ́ nǹkan mìíràn ju kí wọ́n jókòó sórí àga gíga kí wọ́n máa wo omi, kẹ́ ẹ ra okùn gidi fún wọn àti rọ́bà ìléfòó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tó mu omi, torí ìyẹn ni wọn ò mọ̀. Ní òwúrọ̀ kí géètì tó ṣí, ọ̀kan nínú wọn á rin iyanrìn, á wo ibi tí omi ti ń fà, á ri àsíá mọ́ ibi tó dáa. Lọ́jọ́ tóun bá ní kò síbi tó dáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọ omi, kí wọ́n jókòó kí wọ́n jẹ ẹja, kí wọ́n jó, èmi wà níbẹ̀, a ò ní pàdánù ọjà. Kí ẹni tó ń so bébà mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ní géètì sì sọ gbólóhùn mẹ́ta yẹn ní Yorùbá, ní Pijin, ní èdè tó bá yé wọn: ibi tó dákẹ́ ló ń fà, tó bá gbé ẹ má bá a jà, fi ẹ̀gbẹ́ wẹ̀ jáde.

Dìsẹ́ńbà ti ń bọ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ọmọ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ẹni tí mo lè kó o fún, àwọn òbí ẹ̀ wá gbé e lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn, mi ò lójú láti lọ bá wọn. Oṣù tó kọjá ni mo fi owó tèmi ra fèrè, irú èyí tí rẹfirí máa ń fọn, mo ra mẹ́rin, mo fún àbúrò mi ní mẹ́ta, ọ̀kan wà lọ́rùn mi báyìí. Mo dán an wò ní ọjọ́ Wẹ́sìdé tí kò sí orin, ó dún débi igi àgbọn tó wà lọ́hùn-ún. Mo dán an wò ní Sátidé, oníṣúyà ò gbọ́ ọ.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, kí DJ tó tan nǹkan kan, ẹ bá mi ní kó wá bá mi lábẹ́ agbòjò búlúù yẹn. Mo máa fọn ọ́n fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó lè mọ ìró ẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ìyẹn, kó pa gbogbo ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ẹlẹ́ja abẹ́ agbòjò búlúù